Ọjọ́ Tí Páìpù Omi Calgary Bẹ́: Iná, Ajílẹ̀ àti Táǹkì Ẹja Tí Kì í Ni Èèyàn Lára

Lẹ́yìn ètò wa lórí ewéko inú omi, àwọn kan lára yín ní ká kọ ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sílẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń kọ́ Yorùbá, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wa máa ń sáré ju etí yín lọ. Ó dáa. Ṣùgbọ́n n kò ní tún un sọ bí mo ṣe sọ ọ́ nínú ètò. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí omi di nǹkan ìṣọ́ ní Calgary.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2024 ni. Páìpù omi ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Bearspaw South bẹ́ ní àdúgbò Montgomery, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn ìlú. Kì í ṣe páìpù kékeré o. Ó fẹ̀ débi pé èèyàn lè nàró nínú rẹ̀, ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 11, abẹ́ ilẹ̀ ló sì ti wà láti ọdún 1975. Òun ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú omi tí ìlú ń mu. Kíá, ìjọba ìlú ní kí ẹnikẹ́ni má bu omi sí koríko mọ́, kí á má fọ mọ́tò, kí á tètè wẹ̀ kí á jáde, kí aṣọ pọ̀ ká tó fọ̀ ọ́. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ka iye omi tí a lò sí wa létí bí ìgbà tí wọ́n ń ka èsì bọ́ọ̀lù. Wọ́n ní ká gbìyànjú kó má kọjá lítà mílíọ̀nù 480 lóòjọ́.

Èmi wá ní táǹkì ẹja lítà 200 nínú pálọ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo máa ń da lítà 100 nù nínú rẹ̀, n óò sì fi lítà 100 tuntun rọ́pò. Nígbà tó di Sátidé, mo gbé garawa àti rọ́bà jáde bí mo ṣe máa ń ṣe, ni ìyàwó mi bá dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì.

"Bàbá ọmọ mi, omi tí a fi ṣan ìrẹsì la fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láti àná. Ẹ wá fẹ́ da garawa mẹ́wàá nù nítorí ẹja?"

Mo ká rọ́bà padà.

Kí ló dé tí mo fi ń da omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nù tẹ́lẹ̀? Táǹkì mi kì í ṣe ti ẹja nìkan. Ewéko ló kún inú rẹ̀, àwọn ẹja kàn ń gba àárín wọn kọjá ni. Mo ti wo fídíò títí, mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé ewéko gidi gbọ́dọ̀ rí iná tó ń fọ́ni lójú. Mo ra iná LED tó ń jẹ wáàtì 60, mo ń tàn án fún wákàtí mẹ́wàá lóòjọ́. Mo ń da ajílẹ̀ olómi sí i lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ju ohun tí ewéko lè jẹ lọ, kí nǹkan kan má bàa wọ́n wọn. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, omi tuntun ni yóò gbá a dànù lópin ọ̀sẹ̀. Ọ̀nà yìí kò burú, ẹ má ṣì mí gbọ́. Àwọn tó ń fi táǹkì wọn díje ń lò ó, ó sì ń rẹwà. Àmọ́ gbogbo rẹ̀ dúró lórí pé omi ò ní wọ́n láéláé.

Ọ̀sẹ̀ kìíní kọjá láìpààrọ̀ omi, kò sí nǹkan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wàhálà dé. Ẹ mọ nǹkan tó máa ń yọ̀ bọ̀rọ́ lórí òkúta etí odò, tó máa ń gbé ọmọdé ṣubú? Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní algae. Òun náà ló bo gíláàsì, ó bo yanrìn, ó wá hu irun dúdú kúkúrú sí etí ewé, bí irùngbọ̀n ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù.

Mo ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe. Mo di ẹ̀bi ru ajílẹ̀, mo dá a dúró pátápátá, mo sì fi iná sílẹ̀ bó ṣe wà. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà. Láàárín bí ọjọ́ mẹ́wàá, ewé tuntun tó ń jáde ń di yẹ́lò, ewé àtijọ́ ń lu ihò wínniwìnni. Algae ńkọ́? Ó tún ń sanra ni.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, nítorí ohun tí kò yé mi nígbà yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí. Ewé máa ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ. Ohun tó ń kó sínú ìkòkò ni omi àti kábọ́ọ̀nù dàíọ́sáìdì, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí èmi àti ẹ̀yin ń mí síta. Ohun tó ń rí sọ̀ kalẹ̀ ni ṣúgà. Àmọ́ ṣúgà nìkan kò lè kọ́ ewé tuntun. Ó nílò nàítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, potásíọ̀mù, irin díẹ̀ báyìí, àti àwọn mìíràn tí kò tó ẹ̀kán. Àwọn yìí là ń pè ní ajílẹ̀. Nítorí náà, iná kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Iná ni ọ̀gá tó ń pín iṣẹ́ fún ewéko. Bí iná bá ṣe lágbára tó, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ewéko yóò ṣe máa béèrè oúnjẹ tó. Tí ẹ bá tan iná wáàtì 60 fún wákàtí mẹ́wàá, tí ẹ wá gba ajílẹ̀ kúrò, ẹ ti gba òṣìṣẹ́ ọgọ́rùn-ún síṣẹ́ láìsí owó oṣù. Ewéko yóò daṣẹ́ sílẹ̀. Algae ni yóò gba iṣẹ́ náà ṣe, torí pé díẹ̀ báyìí ló ń jẹ, kò sì yan oúnjẹ.

Ẹ fọkàn yàwòrán obìnrin kan tó ń dáná òde. Ìrẹsì tó lè yó igba èèyàn wà nílẹ̀, ẹran wà fún igba, ọbẹ̀ wà fún igba, ṣùgbọ́n abọ́ àádọ́ta péré ló rà. Èèyàn mélòó ni yóò jẹun lẹ́ẹ̀kan náà? Àádọ́ta. Tí wọ́n bá tún gbé àpò ìrẹsì kan wá, àádọ́ta náà ni. Ohun tí àwọn ọmọ Jámánì méjì, Carl Sprengel àti Justus von Liebig, kọ nípa irúgbìn oko ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún nìyẹn. Ohun tó kéré jù lọ ló ń pinnu bí irúgbìn yóò ṣe dàgbà tó, kì í ṣe ohun tó pọ̀ jù.

Nínú táǹkì ilé, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbé sílíńdà gáàsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kábọ́ọ̀nù dàíọ́sáìdì ni abọ́ yẹn. Ó ń rìn nínú omi bí aláboyún oṣù mẹ́sàn-án. Ibi tó máa fi ìṣẹ́jú àáyá kan dé nínú afẹ́fẹ́, tó bá di inú omi tí kò mì, ó lè tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta. Èyí tó wà nínú omi láàárọ̀, ewéko á ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan tí iná bá ti tàn. Lẹ́yìn ìyẹn, iná tí ẹ tún ń tàn, ta ló wà fún? Algae ni.

Ohun mìíràn tún wà tí mi ò kà sí. Táímà mi máa ń pa iná ní aago mẹ́jọ alẹ́, mo sì rò pé ilẹ̀ ti ṣú fún ewéko nìyẹn. Ṣùgbọ́n Calgary nínú oṣù Kẹfà kọ́ lẹ ó fọ̀rọ̀ òkùnkùn lọ̀! Oòrùn á yọ kí aago márùn-ún àbọ̀ tó lù, kò sì ní wọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ kù díẹ̀. Fèrèsé wa sì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Lẹ́yìn tí mo bá ti paná tán, oòrùn ṣì ń wọlé tààrà sára gíláàsì fún bíi wákàtí méjì. Ní Èkó, ọ̀sán kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ látìgbà dé ìgbà. Tó bá kéré, á lé díẹ̀ ní wákàtí 11 àti ààbọ̀, tó bá pọ̀, á lé díẹ̀ ní 12 àti ààbọ̀. Níbí, wákàtí 16 àti ààbọ̀ ni nínú oṣù Kẹfà, kò sì pé wákàtí mẹ́jọ nínú oṣù Kejìlá. Ẹni tó bá gbé táǹkì sẹ́nu fèrèsé ní Calgary, ọ̀gá méjì ló gbà sílé, ọ̀kan nínú wọn kì í sì gbọ́ràn sí táímà lẹ́nu.

Nítorí náà, aṣọ fèrèsé tó nípọn ni mo kọ́kọ́ rà, kì í ṣe oògùn. Mo wá yí iná náà sílẹ̀ sí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, mo sì dín wákàtí kù sí méje, tí mo pín sí méjì. Ó ń tàn láti aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀, á sinmi, á tún tàn láti aago márùn-ún sí mẹ́sàn-án alẹ́. Ìsinmi ọ̀sán yẹn ń jẹ́ kí kábọ́ọ̀nù dàíọ́sáìdì tún kó ara rẹ̀ jọ nínú omi, láti ara ẹja tó ń mí àti ìdọ̀tí tó ń jẹrà nínú yanrìn. Diana Walstad, ará Amẹ́ríkà tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1999 lórí táǹkì oníyẹ̀pẹ̀ tí kì í gba wàhálà, wà lára àwọn tó sọ ìsinmi yìí di mímọ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ fún ìdí mìíràn: ìgbà tí mo wà nílé ni iná ń tàn. Kí ni àǹfààní táǹkì tó ń dán yinrin nígbà tí gbogbo ilé ti lọ síbi iṣẹ́?

Fún ẹ̀yin tí ẹ máa ń bẹ̀rù bílì iná: wáàtì 60 fún wákàtí mẹ́wàá lóòjọ́ jẹ́ kílówáàtì-wákàtí 219 lọ́dún. Wáàtì 24 fún wákàtí méje jẹ́ nǹkan bíi 61.

Mo fọwọ́ já àwọn ewé tó ti hurun, mo fi káàdì ike àtijọ́ ha gíláàsì, mo wá dá ajílẹ̀ padà, ṣùgbọ́n díẹ̀. Nígbà tí oṣù Keje fi ń parí, algae ò rí ibi tuntun gbà mọ́. Ewé tuntun ń jáde tútù, wọ́n kàn ń jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni. Ṣé ẹ rí pé mi ò tíì sọ̀rọ̀ pípààrọ̀ omi? Nítorí pé kò sí ohun tó ṣẹ́ kù láti gbá dànù ni. Ẹja ń tú amóníà jáde láti inú ẹ̀yà ìmí rẹ̀. Amóníà yẹn lè pa ẹja, ṣùgbọ́n nàítírójìn ni lójú ewéko, oúnjẹ sì ni. Nígbà tí ẹja kò bá pọ̀ jù, tí iná sì ṣe déédéé, ewéko ló ń fọ omi.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ àwọn ewéko náà, torí pé ibẹ̀ ni inú mi ti dùn jù. Àwọn tó fara dà á jù nínú táǹkì mi, ará ilé wa ni wọ́n. Anubias barteri, tí ewé rẹ̀ nípọn bí awọ, etí odò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ń gbé, lábẹ́ igi ńlá, níbi tí oòrùn kì í ti í fi bẹ́ẹ̀ dé. Ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́ ni Charles Barter, onímọ̀ ewéko tó bá Baikie rìnrìn àjò lórí odò Ọya ní 1857, ìrìn àjò tí Samuel Àjàyí Crowther náà wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ wọn, Dayspring, forí sọ àpáta nítòsí Jẹ́bà. Barter kò padà sílé mọ́. Rábà ló kú sí ní 1859. Ní ọdún tó tẹ̀lé e ni Schott fi orúkọ rẹ̀ sọ ewéko yìí. Ìgbàkigbà tí mo bá rí i ní ṣọ́ọ̀bù nínú ike kékeré, ọkùnrin yẹn ni mo máa ń rántí.

Anubias ní ìdí kan tó dà bí atalẹ̀. Ẹ má rì í mọ́ yanrìn o, á jẹrà. Ẹ so ó mọ́ òkúta tàbí igi pẹ̀lú òwú, gbòǹgbò á wá ibi tó máa dì mú fúnra rẹ̀. Nítorí pé kì í yára dàgbà, ewé kan lè wà lára rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìdí sì nìyẹn tí algae fi máa ń kọ́lé sórí rẹ̀ tí iná bá le. Inú òjìji ni kí ẹ fi í sí. Bolbitis heudelotii, tó jọ ọmú inú igbó wa tó sọ̀ kalẹ̀ wẹ̀, irú ìwà kan náà ló ní. Àwọn ẹja kribensis mi méjì pẹ̀lú, odò gúúsù Nàìjíríà ni orísun wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí mo rà kò rí Nàìjíríà rí, bíi ti àwọn ọmọ mi.

Àti òṣíbàtà! Ewé pupa tí ṣọ́ọ̀bù ń pè ní tiger lotus, ẹbí òṣíbàtà wa ni. Màmá mi rí i lórí WhatsApp láti Ẹ̀pẹ́, wọ́n sún ojú mọ́ fóònù. "Ṣé òṣíbàtà nìyẹn? Owó lẹ fi rà á? Ẹ̀yin ará Òyìnbó, ọ̀rọ̀ yín ti sú mi." Òun nìkan nínú àwọn ewéko mi ló ń fi gbòǹgbò jẹun gidi láti inú yanrìn, ẹ jẹ́ ká rántí ìyẹn tí a bá dé ibi ajílẹ̀.

Omi Calgary ló kàn. Àwọn odò Bow àti Elbow ti gba orí òkúta ẹfun àwọn òkè Rocky kọjá kí wọ́n tó dé ẹ̀rọ omi wa. Omi líle ni à ń pe irú rẹ̀. Ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, ẹfun funfun sì máa ń dì sí ìdí kẹ́túlù. Ó máa ń ju mílígíráàmù 150 nínú lítà kan lọ. Àwọn kan á máa ṣàánú wa nítorí rẹ̀. Fún táǹkì bíi tèmi, ọ̀fẹ́ ni: kálísíọ̀mù àti maginísíọ̀mù ti wà nínú rẹ̀, ẹ má fowó ra wọ́n.

Ibi tí ewu wà ni ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ ilé níbí gbé sí yàrá abẹ́ ilé láti sọ omi líle di rírọ̀. Ẹ̀rọ yẹn kì í mú ẹfun kúrò lásán. Ó ń fi sódíọ̀mù, tó jẹ́ ẹbí iyọ̀, rọ́pò rẹ̀ ni. Ewéko kò fẹ́ sódíọ̀mù, ó sì ti pàdánù kálísíọ̀mù tó fẹ́. Ní ọdún tí a kó dé ilé yìí, oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń lo omi ilé ìwẹ̀, tí ewé tuntun ń ká kò bí etí ajá, tí mo ń bú ẹni tó tà wọ́n fún mi. Níbi púpọ̀, ẹ̀rọ omi tútù kíṣìnnì tàbí ti ìta kì í gba inú ẹ̀rọ yẹn kọjá. Ẹ béèrè kí ẹ tó bu omi. Kí ẹ sì lo oògùn tó ń pa agbára klorínì kí omi tó kan ẹja.

Irin ni ìṣòro kejì. Nínú omi tó ní ẹfun bíi tiwa, tí pH rẹ̀ wà lókè 7 àti ààbọ̀, irin kì í pẹ́ dì, á sọ̀ kalẹ̀ sínú yanrìn bí ìpẹtà, ewéko inú omi ò ní rí i mú mọ́. Ẹ wo ara ìgò ajílẹ̀ yín. Tí irin tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ ti EDTA, kò ní pẹ́ nínú omi wa. Ti DTPA dì í mú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún òṣíbàtà, èyí tó dáa jù ni ajílẹ̀ oníhóró, tí a ń fi ìka rì mọ́ yanrìn nítòsí gbòǹgbò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ohun tó wọ́n ewéko? Ẹ wo ọjọ́ orí ewé tó ń ṣàìsàn. Nàítírójìn àti potásíọ̀mù máa ń rìn. Nígbà tí wọn ò bá tó, ewé àgbà á bọ́ tirẹ̀ lẹ́nu fún ewé ọmọ, àgbà ni yóò wá di yẹ́lò tàbí lu ihò. Irin kì í rìn. Ibi tó bá ti jókòó ló ń kú sí, nítorí náà tí irin bá wọ́n, ewé ọmọ ló máa jáde ní yẹ́lò, tí iṣan rẹ̀ á ṣì tutù. Ẹ padà lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nínú oṣù Kẹfà yẹn: ewé tuntun di yẹ́lò, ewé àtijọ́ lu ihò. Irin àti potásíọ̀mù ni, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, èmi sì ń rò pé ajílẹ̀ ló pọ̀ jù.

Ohun tó bá a mu nìyẹn, tí ẹ bá rò ó. Oúnjẹ ẹja tí à ń dà sínú omi lójoojúmọ́ ti kún fún nàítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Tí ẹ bá ń bọ́ ẹja, ẹ ti ń bọ́ ewéko lọ́nà ẹ̀bùrú. Potásíọ̀mù àti irin ni kì í tó. Nísinsìnyí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo ń da ajílẹ̀ sí i, ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí ara ìgò sọ. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, mo ń wọn gíráàmù 2.2 potásíọ̀mù sọ́fééètì sórí òṣùwọ̀n kékeré, mo ń pò ó sínú ife omi, mo ń dà á sí i. Nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni potásíọ̀mù gan-an, nítorí náà gíráàmù kan ló wọlé, ìyẹn mílígíráàmù márùn-ún fún lítà kọ̀ọ̀kan nínú lítà 200. Ẹni tí táǹkì rẹ̀ jẹ́ lítà 100, kó pín in sí méjì. Tí ẹ bá gbé iná sókè, ẹ gbé ajílẹ̀ sókè. Tí ẹ bá sọ iná kalẹ̀, ẹ sọ ajílẹ̀ kalẹ̀. Iná ni kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn nígbà gbogbo.

Ṣé mo ti jáwọ́ nínú pípààrọ̀ omi pátápátá? Rárá o. Afẹ́fẹ́ Calgary gbẹ, pàápàá nígbà òtútù tí hítà ilé bá ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, omi táǹkì á máa fà lọ. Omi nìkan ló ń fà lọ, ẹfun kì í fà. Tí ẹ bá kàn ń fi omi ẹ̀rọ dí i, táǹkì á máa le sí i lóṣooṣù. Nítorí náà, lítà 40 sí 50 ni mo ń pààrọ̀ lóṣù, inú ìkòkò òdòdó ilé ni mo sì ń da ti àtijọ́ sí. Ní ìparí oṣù Kẹjọ 2024, ìjọba ìlú tún ní ká dín omi lílò kù kí wọ́n lè tún páìpù kan náà ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, rọ́bà mi ò kúrò ní gáréèjì, ẹnikẹ́ni ò sì dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ewéko tí ẹ bá gé dànù. Ẹ má dà á sínú adágún tàbí odò, bó ti wù kó wẹ́ tó. Ìjọba Alberta ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Don't Let It Loose nítorí rẹ̀, torí pé ẹja góòlù tí àwọn èèyàn tú sílẹ̀ ti sọ àwọn adágún omi òjò kan di ilé wọn. Àwa ará ilé kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún wa. Ní 1984 ni wọ́n rí ewéko kan, water hyacinth, tó gba ọ̀nà omi Badagry wọ Nàìjíríà. Ará Gúúsù Amẹ́ríkà ni. Ó bá oòrùn tó pọ̀ pàdé, ó bá ọ̀sà tó kún fún ìdọ̀tí ìlú, tí í ṣe ajílẹ̀ ọ̀fẹ́, kò sì sí ẹni tó lè pa iná fún un. Láìpẹ́, ọkọ̀ ojú omi ò rí ọ̀nà gbà, àwọ̀n apẹja ò rí omi wọ̀. Àwọn Yorùbá fún un lórúkọ, gbéborùn, torí pé bí olófòófó, kò síbi tí kì í dé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú pálọ̀ mi ní oṣù Kẹfà ló ṣẹlẹ̀ sí ọ̀sà. Èyí tí mo bá gé, inú fìrísà ni mo ń fi sí fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà inú pàǹtí. Tí ẹ bá sì fẹ́ ra ojú oró, ẹ kọ́kọ́ wo òfin ibi tí ẹ ń gbé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, màmá mi tún pè. Wọn ò béèrè ẹja, wọn ò béèrè ọmọ lákọ̀ọ́kọ́. "Òṣíbàtà yẹn, ṣé ó ti tanná?" Mo ní kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé mo máa ń gé ewé tó bá fẹ́ dé ojú omi kí ó má bàa ṣíji bo àwọn tó kù. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ ń gé e lórí, ẹ wá ń retí òdòdó?"

Láti ọjọ́ náà, mo ti fi ewé mẹ́ta sílẹ̀ kí wọ́n dé òkè. Wọ́n ti tẹ́ sórí omi báyìí, wọ́n tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọ mi. Lálẹ́ ni òdòdó òṣíbàtà máa ń là, aago mẹ́sàn-án sì ni táímà mi ń paná, nítorí náà mo ti sún iná ìrọ̀lẹ́ sẹ́yìn ní wákàtí kan, kó máa tàn láti aago mẹ́fà sí mẹ́wàá. Wákàtí mẹ́rin náà ló ṣì jẹ́. Títí di àná, kò tíì sí nǹkan kan.